Ẹ Má Pè É Ní Fọlibọ́ọ̀lù Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí àwọn ènìyàn wa bá ti rí ibi tí àwọn ará Thailand ti ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan kọjá lórí àwọ̀n, ohun tó ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn ni pé, "Áà, fọlibọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rèé!" Àwọn tó ń gbá a ní Nàìjíríà níhìn-ín pàápàá, kick volleyball ni wọ́n ń pè é.

Èwo ni ti fọlibọ́ọ̀lù níbẹ̀? Ọdún 1895 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìyẹn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Takraw ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó ronú kàn án.

N kò jiyàn ti àwọ̀n o. Wọ́n yá a ni. Pápá tí wọ́n ń lò, mítà 13.4 ní gígùn, 6.1 ní ìbú, ti badminton gẹ́lẹ́ ni. Ẹni mẹ́ta ló ń kojú ẹni mẹ́ta. Ìyẹn ni wọ́n gbé wọ Ìdíje Ilẹ̀ Éṣíà ní Beijing ní 1990. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìyẹn nìkan, ìrù ló rí, kò tí ì rí ẹṣin.

Takraw àtijọ́ kò ní àwọ̀n, kò sì ní ọ̀tá. Àwọn tó ń gbá a á dúró yípo. Bọ́ọ̀lù náà, pàǹkẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń hun ún, irú èyí tí tíṣà fi ń nà wá nílé ìwé (ike ló pọ̀ jù báyìí), ó sì ní ihò lára bí agbọ̀n. Ẹsẹ̀, orúnkún, èjìká, orí, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ nìkan ni kò gbọdọ̀ kàn án. Kí bọ́ọ̀lù má ṣáà ti balẹ̀. Bó bá bọ́ mọ́ ẹnì kan lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn ló bọ́ mọ́.

Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n ń so òrùka kọ́ sókè láàárín agbo, tí wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi apá méjèèjì ṣe òrùka sẹ́yìn ara rẹ̀, á fi gìgísẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín apá náà kọjá. Ẹ dán an wò nílé, kí ẹ wá sọ fún mi pé fọlibọ́ọ̀lù ni! Lára ògiri tẹ́ńpìlì Wat Phra Kaew ní Bangkok, wọ́n ya Hanuman, ọ̀bọ alágbára inú ìtàn wọn, òun àti àwọn ọ̀bọ ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbá takraw. Agbo ni wọ́n ṣe. Kò sí àwọ̀n níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Orúkọ lásán ni, kí ló le tó bẹ́ẹ̀?" Ẹ gbọ́ ná. Sepak raga ni Malaysia ń pè é, Thailand ní takraw. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e wọ ìdíje ní Kuala Lumpur ní 1965, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi pín orúkọ sí méjì: sepak, ìyẹn gbígbá, láti èdè Malay, takraw láti èdè Thai. Sepak takraw. Àwọn tó ni ín ti parí ìjà, àwa tí a kò sí níbẹ̀ wá ń sọ ọ́ lórúkọ mìíràn!

Bí àlejò kan bá bá àwọn bàbá nídìí ayò l'Ọ́yọ̀ọ́, tó ní, "Ẹ kú eré o, ṣé dírọ́ọ̀fù oníhò lẹ ń ta yìí?", ṣé wọn yóò dá a lóhùn?