Ilé là á wò ká tó ra fóònù kékeré

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wolé rárá kí wọ́n tó ra fóònù. Ẹ gbọ́ ohun tójú obìnrin aránṣọ kan rí ní Ayépé, níjọba ìbílẹ̀ Odógbólú níbẹ̀ yẹn.

Fóònù ńlá lobìnrin yìí ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbi tó ti ń wọn kọ́sítọ́mà, tójú ẹ̀ sì fọ́. Ọwọ́ kan di téèpù mú, ọwọ́ kejì di fóònù tó fẹ̀ bí àwo, báwo ni kò ṣe ní í já bọ́? Ló bá gba Computer Village lọ n'Ìkẹjà, ó ra tòkunbọ̀ kékeré kan tó ń wọ àpò, tí àtàǹpàkò kan ṣoṣo lè tẹ̀ látòkè délẹ̀. Inú ẹ̀ dùn dọ́ba.

Àfi bí Òjúde Ọba ṣe ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ìgbà yẹn lowó ń wọlé fáwọn aránṣọ, torí kò sí ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó máa fẹ́ jáde lọ́jọ́ kẹta Iléyá láìdá aṣọ tuntun. Kọ́sítọ́mà kan l'Ékòó ti fi léèsì olówó gọbọi ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì rèé tí iná ò sí. Kí aago kan ọ̀sán tó lù, fóònù kékeré ti kú. Aago méjì ni kọ́sítọ́mà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé aṣọ yẹn o, ẹgbẹ́ wa ti yí sítáì padà." Aago mẹ́ta ni àǹtí ti sísọ́ọ̀sì bọ léèsì! Alẹ́ tó rí iná jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lò lọ̀rọ̀ náà tó wọlé. Owó ara ẹ̀ ló fi ra léèsì mí-ìn dípò.

Ṣé fóònù lẹ máa bá wí ni àbí iná? Méjèèjì lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Fóònù tó bá kéré, kò síbi tí bátìrì ńlá fẹ́ gbà wọ inú ẹ̀. Bátìrì iPhone 12 mini tó jáde lọ́dún 2020, 2,227 mAh ni. Nínú àwọn Tecno, Infinix àti Itel olójú ńlá tó kún ìgboro, 5,000 ló wọ́pọ̀. Ọdún 2021 sì ni Apple gbé mini tuntun jáde kẹ́yìn, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà lónìí ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmí-ìn. Bátìrì sì máa ń gbó. Kódà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá ti lágbára, wíwá tí fóònù ń wá a kiri náà ń jẹ bátìrì.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sọ pé fóònù kékeré ò dáa o. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ra iPhone tòkunbọ̀, kó kọ́kọ́ wo Battery Health inú ẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ ju 80 lọ, kó yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Kó ra power bank mọ́ ọn, kó dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ kù, kó má sì gbé e sínú oòrùn, torí ooru máa ń tètè ba bátìrì jẹ́. Ẹni tó bá sì ń fi fóònù jẹun, kó sọ fáwọn oníbàárà ẹ̀ pé tọ́rọ̀ bá ti jẹ́ kánjúkánjú, kí wọ́n pe òun.

Àǹtí aránṣọ ò ta fóònù ẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ò tún lè gba ńlá mọ́. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú ló rà kún un, èyí tí wọ́n lè ṣáàjì lónìí kó ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ́tùn-únla, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é. Ó sì ti ṣòfin fáwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀: tí fóònù bá ti kú, kí sísọ́ọ̀sì náà lọ sinmi.