Ta Ló Sọ Pé Ewé Inú Fìríìsà Ti Kú?



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa ní Barking, ó sì tó àkókò kí a tú u palẹ̀. A ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun pé ewé tó bá ti wọ inú fìríìsà ti kú, pé Ọ̀sányìn ti fi í sílẹ̀, pé ẹni tó bá fi irú ewé bẹ́ẹ̀ wẹ orí, omi lásán ló fi wẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wà lára àwọn tó ń sọ ọ́, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n n kò gbà. Ẹ̀kọ́ yìí kò ti inú ìṣẹ̀ṣe wá, ó sì ń sọ ewé, tí Olódùmarè dá fún gbogbo ayé, di ohun tí olówó nìkan lè ní.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyàwó òrìṣà kan ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo lókè ìsọ̀, ó fẹ́ ewé tí yóò fi wẹ orí ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀. A ní tútù nìkan ni kí ó lò. Tútù wo? Bí òtútù ìlú yìí bá ti wọlé, kò sí efinrin tàbí ewúro tó lè dúró níta. Òfin ìlú sì béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ewé tútù ti wá kí a tó kó wọn wọlé, àní bó ṣe inú báàgì arìnrìn-àjò ni wọ́n wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ewé lọ́wọ́, iye tó bá wù ú ni yóò pè é. Mo ti rí ìdì ewé tí kò kún ọwọ́ méjì, tí ó ti pọ́n, tí ó ti ń yọ̀, tí wọ́n sì tà á fún ọmọdébìnrin kan bí ẹni ta wúrà, nítorí pé ó jẹ́ “tútù”. Ewé tó ti ń jẹrà ni a pè ní alààyè, èyí tí òtútù pa mọ́ tí ó ṣì ń dán ni a pè ní òkú!

Ohun tí ó ń ya ewé nípa ni ìjá, kì í ṣe òtútù. Láti ìgbà tí a bá ti já a lórí igi ni ìjẹrà ti ń lé e bọ̀. A kàn lè dá ìjẹrà náà dúró ni. Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí pàápàá mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí Barking jẹ́ ìlú apẹja ńlá lẹ́bàá odò Roding, ìdílé Hewett ló ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Short Blue Fleet. Samuel Hewett mú kí àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí máa jẹ́ kí omi bo oko wọn nígbà òtútù, kí wọ́n lè kó yìnyín rẹ̀ pamọ́ sí ilé yìnyín. Yìnyín yẹn ni wọ́n fi ń gbé ẹja dé Billingsgate láìbàjẹ́.

Kí sì ni à ń ṣe nígbà tí a bá ń gbo ewé? A ń fi ọwọ́ ra á nínú omi títí ara rẹ̀ yóò fi fọ́, tí omi inú rẹ̀ yóò sì jáde. Ara ewé kún fún àwọn àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, omi ló sì wà nínú wọn. Bí òtútù bá mú un, omi náà yóò dì, yóò wú, yóò sì fa ògiri àpò náà ya. Ìdí nìyẹn tí ewé tó bá yọ́ fi máa ń rọ̀, tí omi rẹ̀ sì ń jáde kí a tó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó ti kú. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wa ìbá ṣe ni yìnyín ti bá wa bẹ̀rẹ̀. (A ń wá ìtútù fún orí, a sì ń sá fún òtútù. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín.)

Àwọn àgbà ń sá ewé, wọ́n ń gún un ní àgúnmu, wọ́n ń jó o pọ̀ mọ́ egbò àti èèpo igi títí yóò fi di ẹ̀tù dúdú. Ta ló sọ pé ẹ̀tù kò láṣẹ? Bí iná kò bá lé Ọ̀sányìn kúrò nínú ewé, báwo ni òtútù yóò ṣe lé e? Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíì kò rí gbogbo ewé ilé níbẹ̀. Wọ́n fi èyí tí wọ́n rí rọ́pò èyí tí wọn kò rí, Ọ̀sányìn sì ń dá wọn lóhùn títí dòní.

Ohun tó yẹ kí a bínú sí wà, a kò sì bínú sí i. Ewúro tí a ti fọ̀ fún ọbẹ̀, tí gbogbo kíkorò rẹ̀ ti bá omi lọ, ni àwọn kan ń rà tí wọ́n fi ń ṣe àgbo. Kíkorò yẹn gan-an ni a ń wá! Ewúro tí a kò fọ̀, tí a fi sínú fìríìsà, ó ju èyí lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Èkejì ni ọ̀rá tí kò ní orúkọ. Pierre Fatumbi Verger, tó ṣe ìwé Ewé tó jáde ní 1995, fi hàn wá bí orúkọ ewé ṣe máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń pè sí i nínú ọfọ̀. Bí orúkọ bá sọnù, kí ni a fẹ́ pè? Gbogbo ewé tó bá ti dì, tí ó sì dúdú, jọ ara wọn, àwọn kan sì wà tí kò gbọdọ̀ dé ẹnu.

N kò sọ pé kí a máa kó gbogbo ewé sínú yìnyín. Àkòko tí a ó fi sí orí ẹni tó ń joyè, odidi ni a ń fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni màrìwò. Fìríìsà yóò bà wọ́n jẹ́. Òdúndún, ẹni tó bá ní fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ kò ní àwáwí: ẹ gbìn ín sínú ìkòkò, ẹ máa gbé e wọlé nígbà òtútù. Pèrègún pàápàá, àwọn tó ń ta òdòdó inú ilé ní ìlú yìí ń tà á, wọn kò kàn mọ orúkọ tí àwa ń pè é ni. Ẹ̀sùn kan tí àwọn alátakò mi mú wá tọ́, mo sì gbà á: fìríìsà tí a kó ẹran àti ẹja sí kọ́ ni ibi ewé òrìṣà. Ẹni tí kò bá ní èkejì, kí ó wá ike onídèérí tí yóò jẹ́ ti ewé nìkan, kí ohun tó jẹ́ èèwọ̀ òrìṣà rẹ̀ má ṣe kàn án.

Bí ẹ bá rí efinrin tàbí ewúro tó dára lọ́jà East Street nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ tí ẹ rà á ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kí i, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣan ekuru ara rẹ̀, kí ẹ sì gbẹ omi ara rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú aṣọ mímọ́, nítorí omi tó bá kù lára rẹ̀ ni yóò so ó pọ̀ di òkúta. Ẹ má bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná bí ewébẹ̀ ọbẹ̀. Ẹ dì í ní ìwọ̀n ìwẹ̀ kan ṣoṣo sínú ọ̀rá, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ kọ orúkọ ewé àti ọjọ́ náà sí i lára. Ní ìwọ̀n òtútù -18, yóò dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Òórùn efinrin tí a sá ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ti inú fìríìsà, bí ẹ bá tú u, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ má yọ́ ọ sórí iná: inú igbá omi tútù ni kí ẹ dà á sí, kí ẹ tún pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbo ó. Èyí tó bá ti yọ́, ẹ má dá a padà.