Èló Ni Yóò Kù Sọ́wọ́ Wa Bí A Bá Ta Ilé?



Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa tí ìfẹ̀yìntì wọn ti sún mọ́lé ń wá bá wa pé àwọn fẹ́ ta ilé tí àwọn kọ́ sí Èkó tàbí Ọ̀tà, kí àwọn padà sílé, kí àwọn fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ akérò. A kò bá wọn jà. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé iye tí ajẹ́ǹtì bá ti fẹnu pè ni wọ́n ń ná lọ́kàn. Awakọ̀ kan láàárín wa san àsansílẹ̀ ọkọ̀ kí owó ilé rẹ̀ tó wọlé tán. Nígbà tí gbogbo ẹni tó ní nǹkan í gbà gba tiwọn, ìyókù kò tó owó ọkọ̀ mọ́, àsansílẹ̀ náà sì wọgbó.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò ọ̀kan. Ká ní ₦12,000,000 ni a pe ilé, tí òǹrajà ná an títí ó fi di ₦10,500,000. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí mílíọ̀nù 12. Bí ajẹ́ǹtì bá gba náírà 5 nínú 100, ₦525,000 ti lọ. Bí lọ́yà náà bá gba bẹ́ẹ̀, ₦525,000 mìíràn tún lọ. Ọ̀dà tí a fi kun ilé àti páànù tí a pààrọ̀ kí ojú òǹrajà lè gbà á, ₦350,000. Gbèsè iná àti owó ilẹ̀ ìjọba, ₦180,000. Bí a bá fi owó yíyá kọ́ ilé náà, tí ₦2,300,000 ṣì kù nílẹ̀, dandan ni kí a san án. Ó ku ₦6,620,000. Díẹ̀ ló fi ju ìdajì iye tí a kọ́kọ́ pè lọ!

Púpọ̀ nínú wa mọ NHF, owó ilé kíkọ́ tí òfin 1992 dá sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ náírà 2.5 nínú 100 lára owó oṣù wa fún. Ẹni tó bá yá owó níbẹ̀, ìwé ilé rẹ̀ ló fi dúró, ìwé náà kò sì ní jáde títí gbèsè yóò fi tán. Ẹ má ṣe fi orí rò ó. Ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ iye tó kù.

Ìyọ̀ǹda Gómìnà ńkọ́? Òfin Ilẹ̀ 1978 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgbà á. Ọrùn ẹni tó ń tà ni òfin gbé e kọ́, ṣùgbọ́n òǹrajà ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀. Ẹ kọ ẹni tí yóò san án sínú ìwé kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ kan.

Ní ti owó-orí, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 yọ èrè orí ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé kúrò. Ẹni tó fi ilé rẹ̀ gba ayálégbé, kó bi lọ́yà kó tó kọ iye kankan sílẹ̀.

Ilé tí baba fi sílẹ̀ tún yàtọ̀. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìyókù owó sì di pínpín, ìbáà jẹ́ ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí.

Èyí tó burú jù lójú tiwa ni owó díẹ̀díẹ̀. Òǹrajà á san mílíọ̀nù kan lónìí, ó di oṣù mẹ́rin kó tó mú òmíràn wá. Láti June 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ni a ti rí bí owó ọkọ̀ ṣe ń fò sókè bí a ti ń dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé, kó gbé ìwé ilé, ìwé gbèsè àti bíìlì iná wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka wa kó tó fún ajẹ́ǹtì ní kọ́kọ́rọ́. A óò jọ ṣírò rẹ̀, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.