Ìbẹ̀rù Kì Í Hun Aṣọ

Nígbàkigbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ìlẹ̀kùn, tàbí tí ó bá dín òṣìṣẹ́ kù, ohun tí àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ máa ń wí ni pé ọ̀lẹ ni òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire. Ní ọdún 1921 ni a dá ilé-iṣẹ́ aṣọ Gonfreville sílẹ̀ níbẹ̀. Owó oṣù irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọjà fi ń tà ní àdúgbò bíi Sokoura, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ "ìlú titun" ní èdè Jùlá. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, iṣẹ́ sì dàrú. Ǹjẹ́ ọ̀lẹ ni ó dá ẹ̀rọ dúró bí?

Bí a bá lé ìdajì òṣìṣẹ́ lọ, tí ìyókù ń ṣe iṣẹ́ gbogbo, ìwé ìṣirò yóò wí pé iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ sí i. Ẹ̀tàn ni. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọ̀la ni a óò lé òun, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà lára ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òwú yóò já, kò ní í tètè rí i. Àgbà tí ó mọ àrùn ẹ̀rọ náà sì ti gba ilé lọ.

Nítorí náà, kí agbanisíṣẹ́ sọ òtítọ́ fún òṣìṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ó sì san ẹ̀tọ́ ẹni tí ń lọ ní pípé. Ẹni tí ó kù ń wòye: bí a ti ṣe ti ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò fi mọ bí òun yóò ti ṣiṣẹ́.