Fèrè Tí Ó Mọ Ọmọ Onílùú

Bí ènìyàn bá jókòó ti àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Ìjàrẹ́, tàbí ní Àkúrẹ́ tí kò jìnnà sí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa gbọ́: rẹfirí ti tà wá. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé rẹfirí ta ẹgbẹ́ kejì fún wa rí. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kì í ṣe òdodo ni à ń wá lórí pápá; rẹfirí tiwa ni à ń wá.

Kí n tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi, n óò kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ kan wá láti ìlú ìtòsí láti bá wa gbá bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ kan ni ó fọn fèrè lọ́jọ́ náà. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, ọmọ tiwa gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó fi mú un balẹ̀ kí ó tó gbá a. Gbogbo àwa tí a dúró lẹ́yìn àwọ̀n ni a rí i. Olùkọ́ náà fọn fèrè, ó ní kò wọlé. Òkò ni a fi dá a lóhùn. Èmi náà sọ tèmi. Kò bà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé n kò fẹ́ kí ó bà á. Ọkùnrin náà kò fọn fèrè fún wa mọ́. Ọmọ ìlú ni ó rọ́pò rẹ̀, òun sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí. A kò pàdánù nílé mọ́ lọ́dún náà. Láti ìgbà náà ni a kò sì ti mọ̀ mọ́ bóyá a tilẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù í gbá.

Ohun tí àwa ọ̀dọ́ fi òkò ṣe, líìgì orílẹ̀-èdè wa fi owó ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ tí ó gba àlejò ni ó ń san owó iṣẹ́ rẹfirí. Ààfin wo ni olùpẹ̀jọ́ ti ń bọ́ adájọ́ nílẹ̀ Yorùbá? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn kò tilẹ̀ tí ì ro ti adájọ́ tí ẹnìkan náà ń sanwó fún.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni oògùn rẹfirí búburú. Irọ́ ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2016, Joseph Lamptey, rẹfirí ará Gánà, fún South Africa ní pẹnáritì nígbà tí wọ́n ń bá Sẹ̀nẹ̀gà gbá. Ó ní bọ́ọ̀lù ba ọwọ́ Koulibaly, orúnkún ni ó sì bà. South Africa borí pẹ̀lú 2 sí 1. Ẹjọ́ ni ó tẹ̀lé e, kì í ṣe òkò. Ní ọdún 2017 àjọ FIFA lé Lamptey kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí láé, wọ́n tún eré náà gbá, Sẹ̀nẹ̀gà borí pẹ̀lú 2 sí 0, ó sì lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Rọ́ṣíà. Òkò wo ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn?

Ẹ wá wo tiwa. Ní Àbújá, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2022, àwa àti Gánà gbá ọ̀mì 1 sí 1, ọ̀nà Ife-Ẹ̀yẹ sì dí mọ́ wa. Rẹfirí ọjọ́ náà kò ṣẹ̀ wá. Àwòrán inú ẹ̀rọ ni ó wò kí ó tó fún wa ní pẹnáritì tí a fi gbá ọ̀mì. Síbẹ̀ àwọn òǹwòran ya wọ pápá, wọ́n ba nǹkan jẹ́. FIFA bu owó ìtanràn 150,000 fránkì Swítsàlandì lé àjọ bọ́ọ̀lù wa, wọ́n sì ní kí a gbá eré kan láìsí òǹwòran. Mo fara mọ́ owó ìtanràn. Pápá tí ó ṣófo ni n kò fara mọ́. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Èwo ni ti ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ó jókòó jẹ́jẹ́, èwo sì ni ti ìyá ẹlẹ́pà tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà?

Kí owó rẹfirí ti inú àpò tí ẹgbẹ́ kankan kò lè fọwọ́ kàn wá. Kí káàdì pupa tí ó tọ́ sí àlejò tọ́ sí onílé. Kí a sì mú ẹni tí ó sọ òkò fúnra rẹ̀, ní orúkọ, kí a gbé e lọ sí kóòtù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn òkò àtijọ́, kí wọ́n fi èmi ṣe ẹni àkọ́kọ́.