Omi Aró àti Agbára Ẹgbẹ́

Nígbà tí aró ṣì ń ti inú ewé ẹlú wá, tí omi tí a sẹ́ lára eérú sì ń mú kí ó wọ aṣọ, ohun tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ń dà nù kò ju ohun tí ilẹ̀ lè gbà lọ. Láti ìgbà tí aró òyìnbó ti gbòde ni iṣẹ́ àdìrẹ ti gbára lé sódà, ìyẹn kẹ́míkà ajónilára tí a tún fi ń se ọṣẹ, àti háídírósọ́fáítì, èyí tí ń jẹ́ kí aró yòrò. Bí wọ́n bá ṣàn dé odò, sódà á ba ibùgbé ẹja jẹ́, háídírósọ́fáítì á sì gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Bẹ́ẹ̀ odò Ògùn ni ilé-iṣẹ́ omi ń fà fún ará ìlú mu.

Ìfòfindè nìkan kò ran ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de sódà àti aró òyìnbó, kì í ṣe nítorí odò, bí kò ṣe nítorí pé àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àdìrẹ kò tọ́jọ́ mọ́. Àwọn aláró kóra jọ, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba amúnisìn gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ ní 1936, òfin náà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ìkórajọ tí wọ́n fi gba sódà padà náà ló lè kó èérí rẹ̀.

Apá aláró kan ṣoṣo kò ká kòtò tí a ó ti máa sẹ́ omi aró kí ó tó ṣàn jáde, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń dá owó, tó ń pe ìpàdé, tó sì ń bu owó ìtanràn fún arúfin lè gbẹ́ ẹyọ kan fún àgbàlá mẹ́wàá. Níbẹ̀ ni a ó ti fi áásìdì tí a fi omi là pa agbára sódà, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí álọ́ọ̀mù yóò mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rọlẹ̀, tí omi yóò sì gba àárín iyanrìn àti èédú kọjá kí ó tó dé gọ́tà. Ẹgbẹ́ tún lè kọ́ ọmọṣẹ́ láti máa wọn sódà dípò kí ó máa fojú bù ú. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n, àpò ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá sí.

Òfin àpapọ̀ ọdún 2009 lórí ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ aṣọ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè jókòó ti gbogbo ìkòkò aró. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fún àwọn ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ kòtò, kí ó sì máa bá wọn kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ. Kí àwọn ẹgbẹ́ náà sì kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ẹni tó bá ń da omi aró sí gọ́tà kò ní pàtẹ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta.