Agùnbánirọ̀ Lọ, Pásíwọ́ọ̀dù Bá A Lọ

Ọ̀pọ̀ ẹńjíò kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá ló jẹ́ pé agùnbánirọ̀ ló gbé wọn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba gbé ọmọ náà wá láti Makurdi tàbí Nsukka. Màmá tó dá àjọ sílẹ̀ rí i pé kì í wo bọ́tìnì kó tó tẹ kọ̀ǹpútà, inú wọn dùn dé ẹ̀yìn: "Ọmọ mi, ìwọ ni màá gbé gbogbo ìyẹn lé lọ́wọ́ o." Ọmọ ọ̀hún ò sì já wọn kulẹ̀. Ó ṣí Gmail fún àjọ, ó fi nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ sí i. Ó dá ojú ìwé Facebook sílẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ó ra àdírẹ́sì wẹ́ẹ́bùsáìtì tó parí sí .org.ng, káàdì báńkì tirẹ̀ ló fi san án, Màmá sì ka owó náà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Oṣù méjìlá pé, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbàdúrà fún un, ó wọkọ̀, ó lọ.

Ó di ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ gbé ìkéde sórí Facebook, Facebook ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó parí sí 47. Wọ́n pe ọmọ náà títí, kò lọ. Ó ti ra síìmù mìíràn. Lábẹ́ ìlànà NCC tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, síìmù tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣe ohun tó ń pa owó wọlé fún iléeṣẹ́ fóònù fún 180 ọjọ́, wọ́n lè pa á. Tí 180 ọjọ́ mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Kóòdù àjọ aláàánú kan ní Abẹ́òkúta lè wá máa dún nínú àpò ẹnìkan tó ń ta táyà ní Gusau, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹńjíò.

Mi ò dá agùnbánirọ̀ lẹ́bi rárá. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, láìgba kọ́bọ̀ lé e. Àwọn tí mo ń bá wí ni ìgbìmọ̀ alábòójútó, àwọn àgbà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé CAC, níbi tí àjọ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n mọ àwọn tó ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì, wọn ò sì jẹ́ kó jẹ́ ẹnìkan. Wọ́n mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n í-méèlì tí gbogbo lẹ́tà onígbọ̀wọ́ ń gbà wọlé, ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ló ni ín, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn ń ṣètò ìmọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ tọrọ ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀: láptọ́ọ̀pù, príńtà, áàpù.

Bébà kan ló yẹ kó ṣáájú láptọ́ọ̀pù. Kí a fa ilà sórí fúlúsíkáàpù. Lápá òsì, kí a kọ gbogbo ohun tí àjọ ń lò: í-méèlì, Facebook, nọ́ńbà WhatsApp, wẹ́ẹ́bùsáìtì, láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, módẹ́ẹ̀mù, invẹ́tà. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀, nọ́ńbà tí kóòdù rẹ̀ ń lọ sí, ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán, iye tó ń ná àjọ lóṣù, àti ẹnìkejì tó lè ṣí i bí ẹni àkọ́kọ́ ò bá sí nítòsí. Ẹ má kọ pásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀ o. Ìyẹn ní ibi tirẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìwé ilẹ̀ wà, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Àjọ tó bá fi òótọ́ inú kọ bébà yìí, àyà á ti já wọn kí wọ́n tó kọ ọ́ dé ìdajì. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó àdírẹ́sì wẹ́ẹ́bùsáìtì. Bí ẹnikẹ́ni ò bá san án, ẹlòmíràn lè rà á, kì í sì í ṣe aláàánú ló sábà máa ń wà lórí ìlà. Ẹni tó ń wá ilé ọmọ aláìlóbìí á tẹ àdírẹ́sì, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù á yọ sí i.

Ọ̀rọ̀ áàpù tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń bí mi nínú díẹ̀. Ṣàṣà ni ìpàdé ẹńjíò tí ẹnìkan ò ní í dìde pé "A nílò áàpù." Fún ta ni? Ọ̀pọ̀ àwọn opó tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ ní Ṣakí àti Ìgbòho, fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn, ìpè ni wọ́n ń fi í gbà. Nígbà ìbò gbogbogbòò 2007, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni kó ìròyìn jọ láti àwọn ibùdó ìdìbò ní Nàìjíríà níbí. Ètò kọ̀ǹpútà FrontlineSMS tí Ken Banks gbé jáde ní 2005 ni wọ́n lò: kọ̀ǹpútà kan, fóònù kan tí a so mọ́ ọn, ó parí. Tẹ́ẹ̀sì lásán làwọn èèyàn fi ń ránṣẹ́, tẹ́ẹ̀sì ọ̀hún sì lé ní 10,000. Irú fóònù tó wà lọ́wọ́ aráàlú ni wọ́n fi ṣe é.

Ibi tọ́rọ̀ wá ta kókó sí ni owó. Onígbọ̀wọ́ fẹ́ràn láptọ́ọ̀pù torí pé ó ṣeé yà ní fọ́tò. Wọ́n á to márùn-ún sórí tábìlì, wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, Kábíyèsí á súre sí i, ó di ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò bátìrì invẹ́tà tó ti dákú, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa so ríbọ́ọ̀nù mọ́ owó dátà oṣù kẹjọ. Ẹ sì wo ohun tójú rí láìpẹ́ yìí. Kó tó di oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ò ju bíi ₦460 lọ ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àjọ ń san dọ́là mẹ́wàá fún lóṣù kúrò ní ₦4,600, ó wọ ₦15,000, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á ò fi sẹ́ǹtì kan lé e. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, fò lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ní oṣù kìíní 2025, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó tó lè dé 50% kún owó ìpè àti dátà. Àjọ tó buwọ́ lu àdéhùn ọdún mẹ́ta lówó náírà ní 2022, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí gbogbo èyí san? Ọ̀fẹ́ náà ò sì dúró lójú kan. Microsoft tó ń fún àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ní ètò Business Premium fún èèyàn mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, láti oṣù keje 2025 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà: ẹ wá máa san iye tí a dín kù, tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó kéré.

Ohun tó yẹ kí àjọ lè sọ fún onígbọ̀wọ́ ni pé: "Ẹ ṣeun sà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ láptọ́ọ̀pù mẹ́ta, kí ẹ fi owó méjì tó kù bá wa san dátà àti àtúnṣe fún ọdún méjì." Mo mọ̀ pé ó ṣòroó sọ. Lójú wa, ẹni tí a fún ní nǹkan tó tún ń dúnàá-dúrà dà bí aláìmoore. Ṣùgbọ́n mo ti rí kọ́bọ́ọ̀dù tí láptọ́ọ̀pù tó kú kún inú rẹ̀, orúkọ olóore ṣì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bí wẹ́ẹ́bùsáìtì bá sọnù, a lè ṣe òmíràn. Orúkọ èèyàn tó bá jò ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká mú àjọ kan tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV. Òṣìṣẹ́ ya fọ́tò ojú ìwé rẹ́jísítà, ó jù ú sórí WhatsApp kí ọ̀gá lè rí i kíá. Lójú ẹsẹ̀, orúkọ, àdúgbò àti oògùn tí oníkálukú ń lò ti balẹ̀ sórí fóònù gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù, ó ṣeé ṣe kó ti wọ Google Photos ẹlòmíràn. Jàǹdùkú kan sì já ọ̀kan nínú fóònù yẹn gbà ní Ìwó Road. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023 ò yọ ẹńjíò sílẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun ẹlẹgẹ́. Bí irú ẹ̀ bá jò, tó sì lè kó bá onítọ̀hún, wákàtí 72 ni àjọ ní láti fi tó ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó dátà létí. Ìtanràn wà níbẹ̀ tó lè tó mílíọ̀nù méjì náírà, àní fún àwọn tí òfin ò kà sí ńlá.

Àwọn tó tóbi jù wá lọ fíìfíì gan-an ò mórí bọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá 2021, àwọn gbéwiri wọ inú kọ̀ǹpútà tí Àjọ Alágbèélébùú Pupa àgbáyé ń kó orúkọ sí, àjọ náà ò sì fura títí di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní 2022. Orúkọ èèyàn tó lé ní 515,000 ló wà níbẹ̀: àwọn tó sọnù lójú ogun, àwọn tó wà látìmọ́lé, àwọn tó ń wá ẹbí wọn. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé àtúnṣe ihò tí wọ́n gbà wọlé wà nílẹ̀, àwọn ni ò tètè fi sí i. Láptọ́ọ̀pù tiwa ti ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kóun ṣe update láti ọdún tó kọjá, "Later" la ń tẹ̀.

CAC ti bá wa mú àkókò tí a ó máa kọ bébà onílà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òfin CAMA 2020 tí CAC ń lò ní kí àjọ tó forúkọ sílẹ̀ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ láàárín ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kejìlá, ó sì yẹ kí àwọn alábòójútó jókòó nítorí ẹ̀. Ní ìjókòó yẹn, kí akọ̀wé ka bébà náà sókè látòkè délẹ̀, kí akápò máa ro owó tó wà lórí rẹ̀. Ìlà tó bá jẹ́ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ìkejì sí i kí wọ́n tó gbàdúrà ìparí.